Ọgbọ̀n Ọdún Lẹ́nu Iṣẹ́ Wíwá Yàrá fún Àwọn Ọlọ́mọ Wẹ́wẹ́

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí àwa àgbà wá bá àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí wa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí a fi jẹun, dókítà kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹnjiníà kan tẹ̀lé e, ó wá kàn mí. Mo ní, "Orúkọ mi ni Gàníyù. Fún ọgbọ̀n ọdún, iṣẹ́ mi ni pé kí n máa bá àwọn òbí yan ibi tí wọ́n máa sùn sí tí wọ́n bá fẹ́ gbé ọmọ kékeré lọ sí ọgbà ìṣeré." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan tó ń múra àtilọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì nawọ́ sókè, ó ní, "Bàbá, no offense o, ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Fóònù ni mọ́mì mi fi ń ṣe é."

Mi ò bínú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún mi lọ́jọ́ náà, kò sì tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí fún un, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ro ohun tó máa fi ayé ẹ̀ ṣe.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà ò gùn. Mo dé Chicago, mo ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Rogers Park, mo ń wa takisí. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà kan wà tí mo sábà máa ń gbé láti pápákọ̀ òfurufú, Miss Lorraine ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ní ọ́fíìsì kékeré kan ládùúgbò wa, tó ti ń bá àwọn èèyàn ṣètò ìrìn-àjò. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé kí ló dé tí mo gba ọ̀nà tó jìn. Mo ní ọ̀nà tó yá yẹn kún fún kòtò, mo sì rí i pé ẹ̀yìn ń dùn ún nígbà tó ń wọ mọ́tò. Ìgbà tó sọ̀kalẹ̀ tán ló ní kí n wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Owó ẹ̀ ò pọ̀, ó tó jẹun, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Mo rò pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan màá ti máa dá oníbàárà lóhùn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan fóònù. Ó kó àwọn ìwé aláwòrán tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ jáde síwájú mi, ó fún mi ní báírò pupa, ó ní kí n máa fa igi lé gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò sọ nǹkan kan. "Ìtura tí kò láfiwé", mo fa igi lé e. "Ibùgbé fún gbogbo ẹbí", mo fa igi lé e. Mo fi "ìrìn díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ọgbà" sílẹ̀ nítorí mo rò pé ìyẹn sọ nǹkan. Ó gba báírò lọ́wọ́ mi, ó fa igi lé e fúnra ẹ̀.

Ó bi mí pé, "Ìrìn díẹ̀ fún ta ni? Fún ìwọ tó o ga bí òpó iná, àbí fún ìyá tó gbé ọmọ sọ́wọ́ kan, tó gbé báàgì sọ́wọ́ kejì, tí ọmọ ọ̀hún sì ti bọ́ bàtà kan sọnù?"

Gẹ̀ẹ́sì la jọ máa ń sọ, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe rí lára mi nìyẹn. Kì í pariwo. Ó kàn máa ń béèrè ìbéèrè, á wá dúró dè mí.

Lóṣù kẹrin, ó mú mi lọ sí Florida, níbi tí ọgbà ìṣeré ńlá tí ọ̀pọ̀ oníbàárà wa ń lọ wà. Inú mi dùn, mo ra bàtà tuntun. Nígbà tí a dé òtẹ́ẹ̀lì, ó yọ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ jáde, ó gbé àpò ìrẹsì kan sínú ẹ̀, ó sì de bẹ́líìtì mọ́ ọn.

Ó ní, "Ọmọ ẹ nìyẹn. Ọmọ ọdún méjì ni. Gbé e lọ sí ọgbà, kó o sì gbé e padà wá sùn."

Ọ̀sán gangan ni. Mo ti ìrẹsì gba inú oòrùn kọjá. Nígbà tí bọ́ọ̀sì òtẹ́ẹ̀lì dé, awakọ̀ ní àfi kí n ká kẹ̀kẹ́ kí n tó wọlé. Mo gbé ìrẹsì sọ́wọ́ kan, mo ń fi ọwọ́ kejì wá ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń ká, àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn mi ń mí kanlẹ̀. Obìnrin kan tiẹ̀ wo inú kẹ̀kẹ́ láti kí ọmọ, ó wo ojú mi, ó sún sẹ́yìn. Nígbà tí mo padà dé iwájú yàrá, ẹ̀wù mi ti lẹ̀ mọ́ mi lára, bàtà tuntun ti bó mi lẹ́sẹ̀. Miss Lorraine jókòó síbi ibòji, ó ń wo aago ọwọ́ ẹ̀.

Ó ní, "Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìrẹsì ò sì sunkún o. Ọmọ máa sunkún."

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Òbí tó bá ń gbé ọmọ kékeré lọ sí ọgbà ìṣeré máa ń ro ohun tí ọmọ máa gùn àti ohun tí ọmọ máa rí. Ọmọ ọdún méjì ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹṣin onígi tó ń yí po àti elevator òtẹ́ẹ̀lì. Méjèèjì ló máa ń dùn mọ́ ọn. Ohun tó máa ba ọjọ́ yẹn jẹ́ mọ́ gbogbo ilé lọ́wọ́ ni oorun ọ̀sán tí kò rí sùn. Nítorí náà, ohun tá a kọ́kọ́ máa ń wò ni bí ọmọ ṣe máa ti ẹnu ọ̀nà ọgbà dórí bẹ́ẹ̀dì kó tó di pé ó ya wèrè mọ́ ìyá ẹ̀ lọ́wọ́. Ṣé kọ́tìnnì dúdú wà? Ṣé fíríìjì wà fún wàrà? Tí ọmọ bá jí ní ìdájí, tí ebi sì ń pa á, níbo ni oúnjẹ wà? Kí ló wà níta ilẹ̀kùn? Ó kọ́ mi ní gbogbo ẹ̀, ó sì kọ́ mi ní gbólóhùn kan tó ní òun ló ṣòroó sọ jù lẹ́nu iṣẹ́ wa: "Mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n màá lọ wò ó." Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta tó mú kí n pe oníbàárà padà lójú ẹ̀, kí n sọ fún un pé ohun tí mo sọ lánàá, àbá lásán ni.

Nígbà tó yá, mo ní àwọn oníbàárà tèmi, àwọn èèyàn wa ló sì pọ̀ jù: àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tíṣà, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù, láti Rogers Park títí dé Park Forest. Gbogbo wọn ló máa ń kọ́kọ́ bá mi jà. "Ẹ̀gbọ́n Gàní, a ò lọ síbẹ̀ láti lọ sùn. Ẹ fún wa ní yàrá kan ṣoṣo, àwa mẹ́fà máa há síbẹ̀." Màá ní kò burú. Màá wá bi wọ́n pé, "Aago mélòó ni ọmọ máa ń sùn lọ́sàn-án?" Ìyá á rẹ́rìn-ín, bàbá á yíjú sí ìyá, nítorí bàbá ò mọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gidi ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ó wá kan ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún kẹfà mi. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Miss Lorraine lọ ṣe iṣẹ́ abẹ lórúnkún, èmi nìkan ló sì kù sí ọ́fíìsì lásìkò ìsinmi àwọn ọmọ iléèwé. Tọkọtaya kan láti Woodridge pè mí, ará mọ́ṣáláṣí wa ni wọ́n. Ilé oògùn ni ọkọ ti ń ṣiṣẹ́, ìyàwó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Àmínà lorúkọ ọmọ wọn, kò tíì pé ọdún méjì. Gbogbo òtẹ́ẹ̀lì tí mo mọ̀ ti kún. Ṣùgbọ́n ìwé aláwòrán òtẹ́ẹ̀lì tuntun kan wà lórí tábìlì mi: yàrá ilẹ̀, ilẹ̀kùn tó ṣí sí òdòdó, omi aláwọ̀ búlúù tó ń dán lẹ́yìn òdòdó náà.

Ìyá Àmínà bi mí lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti débẹ̀?"

Mo ní, "Mo mọ ibẹ̀ dáadáa."

Irọ́ ni. N kò débẹ̀ rí. Ó ti rẹ̀ mí, àwọn mìíràn ń dúró lórí fóònù, mo sì ti di ẹni tí àwọn èèyàn ń sọ pé kò síbi tí kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn já bọ́ lẹ́nu mi ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n débẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, bàbá ń kó ẹrù láti inú mọ́tò, ìyá wọ balùwẹ̀ láti ṣe àlùwàlá. Ọwọ́ ilẹ̀kùn yàrá yẹn jẹ́ irú èyí tó gùn, tí èèyàn kàn máa ń tẹ̀ sísàlẹ̀. Àmínà gbọ́wọ́ lé e, ó fi ara rọ̀ mọ́ ọn, ilẹ̀kùn ṣí. Omi búlúù tí mo rí nínú àwòrán, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ni. Kò sí ọgbà irin kankan láàárín omi náà àti yàrá, àfi òdòdó tí kò ga dé orúnkún.

Obìnrin kan tó ń tún yàrá ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ kọjá. Ará Haiti ni, Marie lorúkọ ẹ̀. Ó rí aṣọ yẹ́lò nínú omi. Kò pe ẹnikẹ́ni, kò bọ́ bàtà, ó bẹ́ sínú omi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni fóònù ọ́fíìsì dún. Mo gbọ́ ohùn ìyá Àmínà. Kò kí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ mọ ibẹ̀." Ó ní Àmínà kó sínú omi, ó ń mí, àwọn wà ní ọsibítù. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù sílẹ̀.

Mo ti ọ́fíìsì pa, mo lọ bá Miss Lorraine nílé, níbi tó na ẹsẹ̀ sí lórí àga. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, mo sọ irọ́ náà pẹ̀lú. Mo ń retí kó lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó pa tẹlifíṣọ̀n.

"Ṣé ọmọ náà ń mí fúnra ẹ̀?"

"Wọ́n ní ó ń mí, mà."

"Kí lo wá ń ṣe níbí?"

Ọkọ̀ òfurufú tó kọ́kọ́ gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo wọ̀. Nígbà tí mo wọ yàrá ọsibítù, Àmínà ń sùn, wọ́n fi rọ́bà sí i nímú, nítorí omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ẹ̀ yíjú sí fèrèsé. Ìyá ẹ̀ ní, "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi nílẹ̀ ọsibítù."

Mo dìde. Ó bi mí pé, "Kí ló dé tí ẹ fi purọ́ fún wa?"

Mo ní, "Ojú ló ń tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀."

Ó wá ní, "Ká ní ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ni, ǹ bá ti lọ yẹ ilẹ̀kùn yẹn wò fúnra mi. Bí a ṣe débẹ̀ ọkàn mi balẹ̀, nítorí ẹ̀yin lẹ ní ká lọ."

Títí dòní, kò sí ọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí lára tó yẹn. Mo ti rò pé yàrá ni mo ń wá fún àwọn èèyàn. Ọkàn tó balẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi, mo sì ti gbé ayédèrú ẹ̀ fún wọn.

Ní ọjọ́ kẹta Àmínà jókòó, ó béèrè bisikíìtì. Bàbá ẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sunkún. Alhamdulillah, ara ẹ̀ yá pátápátá, kò sí àbùkù kankan. Lọ́jọ́ tí mo sìn wọ́n dé pápákọ̀ òfurufú ni bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Gàníyù, ẹ wá nǹkan ṣe sí omi yẹn. Kò gbọdọ̀ mú ọmọ ẹlòmíì."

Mo padà sí òtẹ́ẹ̀lì náà. Mo dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, mo rìn dé etí omi: ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni, ẹsẹ̀ àgbà. Mo wá Marie lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. Ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Mo ti sọ fún wọn nípa àwọn ilẹ̀kùn yẹn láti ìgbà tí wọ́n ṣílé. Ẹni tó ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ta ni yóò dá a lóhùn?"

Mo bi í bóyá ó máa jẹ́ kí n kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀. Ó ronú, nítorí iṣẹ́ ẹ̀ wà lẹ́nu ewu. Lẹ́yìn náà ló ní kí n kọ ọ́, kí n sì fi orúkọ òun sí i. A jọ kọ lẹ́tà náà lórí àpótí ọṣẹ. Máníjà òtẹ́ẹ̀lì gbà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò ṣe nǹkan kan. Miss Lorraine, pẹ̀lú orúnkún tó wú, gbé fóònù látorí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ó pe gbogbo aṣètò ìrìn-àjò tó mọ̀ láti Chicago dé etíkun, ó ka lẹ́tà wa fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó tún gbé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ lọ síbẹ̀. Kó tó di ìgbà òtútù, wọ́n ti ṣe ọgbà yí omi ká, wọ́n sì fi ìkọ́ sókè ara gbogbo ilẹ̀kùn. Mo wọkọ̀ òfurufú lọ wò ó. Mo di irin ọgbà náà mú, mo mì ín tìtì, kò yẹ̀. Marie dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn ò lé e. Olórí àwọn tó ń tún yàrá ṣe ló ti dà.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀nà tí mo ń gbà ṣiṣẹ́ ti yàtọ̀. Tí mo bá pe òtẹ́ẹ̀lì, mi kì í béèrè máníjà mọ́. Màá ní kí wọ́n fún mi ní ẹni tó ń tún yàrá ṣe. Àwọn ni wọ́n mọ yàrá tí ariwo wà, kọ́tìnnì tó ti ya, balùwẹ̀ tí omi ẹ̀ máa ń gbóná jù, ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń ṣubú. Kò sí ẹni tó ti béèrè nǹkan wọ̀nyẹn lọ́wọ́ wọn rí. Tí èèyàn bá béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n á sọ títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Mo bá kọ̀ǹpútà tí lẹ́tà ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, tí èèyàn ní láti mọ àṣírí kọ́ọ̀dù kó tó lè gba yàrá kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni íńtánẹ́ẹ̀tì dé, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í yàn fúnra wọn. Ọ́fíìsì wa dá páro. Miss Lorraine fẹ̀yìn tì, ó fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Mo ti ibẹ̀ pa nígbà tó yá, mo ń ṣe é láti ilé mi ní Park Forest. Ẹ̀rù bà mí nígbà yẹn, mi ò ní purọ́. Mo tiẹ̀ wá ìwé àṣẹ takisí mi jáde, mo nù ún.

Ṣùgbọ́n fóònù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn òbí ti ka ọgọ́rùn-ún àròyé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ní ibẹ̀ dára bí ààfin, ẹnì kejì ní ibẹ̀ ń rùn, wọn ò mọ èyí tí wọ́n máa gbà gbọ́. Mo kọ́ wọn pé kí wọ́n má wo iye ìràwọ̀ tí wọ́n fún òtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ ẹni tó gbé ọmọ kékeré lọ, kí wọ́n sì wo ohun tó ráhùn lé. Ẹni tó ráhùn pé kò sí ilé ọtí nítòsí, ó ti sọ nǹkan rere fún ọlọ́mọ. Fóònù tí mo ń bẹ̀rù wá ràn mí lọ́wọ́ ju gbogbo irinṣẹ́ tí mo ti lò rí. Àwọn tó ń tún yàrá ṣe máa ń gbé e lọ́wọ́, wọ́n á fi fídíò ṣílẹ̀kùn hàn mí, wọ́n á rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé ìta, èmi náà á máa ka ìṣísẹ̀ wọn nílé mi ní Park Forest.

Ìwọ ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè lọ́jọ́sí, ìdáhùn mi nìyí. Má fi bí orúkọ iṣẹ́ ṣe dún wọn iṣẹ́. Béèrè ohun tí èèyàn máa pàdánù tí o bá ṣe é láìdáa. Tí o bá rí i pé ohun tó níye lórí ni, iṣẹ́ gidi nìyẹn, ó sì yẹ kí o fara balẹ̀ kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹni tó le.

Mo fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. Nígbà ìrúwé yìí, ọmọ mi Sìdíkátù, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ní kí n bá àwọn lọ sí ọgbà ìṣeré pẹ̀lú ọmọ ẹ̀, Hàlímà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré kiri. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ́ńsùlù mi. Ó ní, "Daddy, ẹ jókòó. Mo ti book ẹ̀." Ó fi hàn mí lórí fóònù: àjà kẹta ni, òtẹ́ẹ̀lì tí n kò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, kò sì sí bọ́ọ̀sì. Èmi ò lè yan irú ibẹ̀ láéláé. Inú mi ò dùn, ṣùgbọ́n mo di ẹrù mi.

Lọ́jọ́ kejì tí a débẹ̀, nígbà tí oorun ọ̀sán tó nínú ọgbà, mo gba kẹ̀kẹ́ Hàlímà lọ́wọ́ wọn, mo ní èmi ni màá tì í. Láti ẹnu ọ̀nà ọgbà, ojú ọ̀nà kan gba abẹ́ igi lọ tààrà sí òtẹ́ẹ̀lì, ibòji ni gbogbo ẹ̀, kò sí títì tí a máa kọjá. Mi ò ká kẹ̀kẹ́ rárá. Kí a tó dé elevator, orí Hàlímà ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìkọ́ wà lókè ilẹ̀kùn. Sìdíkátù ti fa kọ́tìnnì pa kí a tó jáde láàárọ̀, yàrá tutù, ó ṣókùnkùn.

Mo bi í pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ó ní, "Mi ò mọ̀. Mo pè wọ́n, mo ní kí wọ́n fún mi ní housekeeping, àwọn tó ń tún yàrá ṣe."

Ó tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo dúró láàárín yàrá, mò ń wá ohun tí mo máa yẹ̀ wò, mi ò rí nǹkan kan. Ó na ọwọ́ sí bẹ́ẹ̀dì kejì, ó ní, "Daddy, ẹ̀yin náà ẹ sùn."

Mo bọ́ bàtà. Mo dùbúlẹ̀. Mo gbọ́ bí Hàlímà ṣe ń mí, mo fẹ́ máa kà á, ṣùgbọ́n oorun gbé mi lọ kí n tó kà á dé mẹ́wàá.